Dẹ́ńsítì láti pọ́ùn sí kílò: ibi tí ìṣirò ti ń dàrú ní sáìtì

Láàbù Gwagwalada

Bí ẹ bá ń wọn dẹ́ńsítì yẹ̀pẹ̀ títì, ìyẹn bó ṣe wúwo tó nínú àyè kan, nọ́ńbà tó yẹ kó wà lórí yín ni 16.0185. Ẹ fi lọ́po pọ́ùn nínú ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì kan, kílò nínú mítà kúbíìkì kan lẹ ó rí. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ ṣe é fúnra yín: pọ́ùn kan jẹ́ kílò 0.45359237, ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.3048. 0.3048 × 0.3048 × 0.3048 jẹ́ 0.0283168, ẹ fi ìyẹn pín 0.45359237. Àwọn ọmọ IT, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́, a máa fi 0.3048 pín in lẹ́ẹ̀kan péré, wọn á rí 1.488, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni. Yẹ̀pẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ 118 pọ́ùn á wá di kílò 176. Yẹ̀pẹ̀ wo ló ń léfòó lórí omi?

Ẹ jẹ́ ká lo 118 yẹn. Ká ní òun ni dẹ́ńsítì gbígbẹ tó ga jù (èyí tó pọ̀ jù tí yẹ̀pẹ̀ náà lè ní bí a bá gún un ní láàbù, láìka omi inú rẹ̀) nínú ìwé kọ̀ńsọ́ltáǹtì, ẹ̀ńjíníà tó ń bójú tó iṣẹ́. 118 × 16.0185 jẹ́ 1,890, tí a ń kọ ní láàbù bíi 1.89, gíráàmù nínú cm³ kan. Sáìtì mú 1.79 wá. 1.79 ÷ 1.89 jẹ́ 94.7%, bí ìwé iṣẹ́ bá béèrè 95%, ó ti já, kí wọ́n padà lọ fi rólà tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi 16 lásán lọ́po á rí 1,888, á gé e sí 1.88, ni 95.2% bá jáde, ó ní ó yege. Ẹ má gé nọ́ńbà kankan kí ìṣirò tó parí.

Agolo irin tí a ń gún yẹ̀pẹ̀ sí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ti Amẹ́ríkà, oní-íǹṣì mẹ́rin, ìdá kan nínú ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì ló ń gbà: 943.9 cm³. Ti ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, BS 1377, lítà kan géérégé ni. Ojú lásán kì í tètè yà wọ́n, torí ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 101.6, èkejì 105. Ká ní yẹ̀pẹ̀ tútù inú ti Amẹ́ríkà wọn gíráàmù 1,960, omi inú rẹ̀ sì jẹ́ 11% ìwúwo rẹ̀ ní gbígbẹ. 1,960 ÷ 943.9 jẹ́ 2.076, ẹ fi 1.11 pín in, ó di 1.87. Ẹni tó rò pé lítà kan ni á rí 1.96, lẹ́yìn náà 1.77. Bí sáìtì bá wá mú 1.75 dé, ìwé tirẹ̀ á ní 99%. Ní tòótọ́, 93.6% ni. Títì yẹn á rì.

Kò ná yín lówó láti mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ọrùn òkè agolo kúrò, ẹ fi gíríìsì dí ìdí rẹ̀, ẹ bu omi kún un dé etí, ẹ fi gíláàsì pẹlẹbẹ bò ó kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣẹ́kù, kí ẹ sì wọn omi náà. Ní 30°C, omi cm³ kan wọn gíráàmù 0.9957. Bí ẹ bá rí nǹkan bíi 940, ti Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ yín. Bó bá sún mọ́ 996, lítà kan ni. Ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára rẹ̀.

Kànga Ẹ̀rọ Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti gálọ́ọ̀nù kún un. Pọ́ùn nínú gálọ́ọ̀nù ló wà lára òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹrẹ̀ bẹntónáìtì (amọ̀ tí a ń pò mọ́ omi láti fi gbẹ́ kànga), gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà sì ni, lítà 3.785. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546. Fún ẹrẹ̀ pọ́ùn 8.6, ẹ fi 0.1198 lọ́po (0.45359237 ÷ 3.785 nìyẹn), ó jẹ́ kílò 1.03 nínú lítà kan. Ẹni tó bá fi ti Gẹ̀ẹ́sì, 0.0998, lọ́po á rí 0.86, ẹrẹ̀ tó fúyẹ́ ju omi lọ!

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bu omi mímọ́ sí òṣùwọ̀n náà. Ní nǹkan bíi 21°C, 8.33 ló yẹ kó dúró sí. Bó bá lọ sí 8.5, ẹrẹ̀ gbígbẹ ló wà nídìí ọmọrí, ẹ fọ̀ ọ́. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi òjé díẹ̀ kún ìdí apá kejì.

Omi náà ni kí ẹ fi máa dán ìyípadà yòówù wò: 1,000 ní kílò, 62.4 ní ẹsẹ̀ bàtà, 8.34 ní gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà, 10.02 ní ti Gẹ̀ẹ́sì.

Onídísẹ́ẹ̀lì Kaduna

Ìwé epo a máa kọ API, nọ́ńbà tí àwọn elépo fi ń sọ bí epo ṣe fúyẹ́ tó. Bí ẹ ṣe máa yí i sí dẹ́ńsítì nìyí. Ẹ fi 131.5 kún un, kí ẹ fi àpapọ̀ rẹ̀ pín 141.5. API 36 á di 141.5 ÷ 167.5, ìyẹn 0.845. Bí API ṣe ń ga sí i ni epo ń fúyẹ́ sí i. Ti omi jẹ́ 10.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé: 60°F ni nọ́ńbà yẹn wà fún, 15.6°C. Nínú ooru Kaduna, epo inú táńkà lè gbóná dé 38°C, dẹ́ńsítì dísẹ́ẹ̀lì sì ń fi nǹkan bíi 0.0007 lọ sílẹ̀ ní dígíríì kọ̀ọ̀kan. Ó ti di 0.829. Lítà 33,000 ní 0.845 jẹ́ kílò 27,885, ní 0.829, ó jẹ́ 27,357. Kílò tó lé ní 500 ti pòórá lórí ìwé, wọ́n á sì ní dírẹ́bà ló fà á. Ẹ ki tẹmọ́mítà bọ inú táńkà kẹ́ ẹ tó pariwo olè.

Àbúrò Suleja

Ẹ̀gbọ́n láàbù, mo fi 118 yẹn sínú ẹ̀rọ ìyípadà orí íntánẹ́ẹ̀tì, 18.54 ló gbé jáde.

Láàbù Gwagwalada

kN/m³ lo yàn, àbúrò, ìyẹn agbára tí ìwúwo yẹ̀pẹ̀ fi ń tẹ nǹkan, kì í ṣe kílò. 1.89 × 9.81 ni 18.54 yẹn. Àwọn tó ń ṣírò ògiri tó ń dá yẹ̀pẹ̀ dúró ló nílò rẹ̀. Fún ìwé títì, padà sí kg/m³.