Fọ́nrán tó ń nà nínú ọlẹ̀ èkúté: ohun tójú ń rí nídìí iṣẹ́ yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará yàrá ìwádìí. Ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà jù nídìí wíwá fọ́nrán tó ń nà nínú ọlẹ̀ èkúté ni kéèyàn máa wá elastin, ìyẹn purotéènì tó ń jẹ́ kí fọ́nrán náà lè nà, nígbà tí kò tíì dé. Oyún èkúté kì í ju nǹkan bí 20 ọjọ́ lọ, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 14 kí elastin tó fara hàn dáadáa lára iṣan àlọ ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Fibrillin, purotéènì mìíràn, ló máa ń ṣáájú. Òun ló ń hun okùn tín-ín-rín tí elastin yóò wá lẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá fi aró Verhoeff, tó ń sọ elastin di dúdú, wo ọlẹ̀ ọjọ́ 10, tí ẹ ò rí ìlà dúdú kankan, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfìfo ni. Aró yẹn kì í mú fibrillin. Antibody (purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó) tó mọ fibrillin-1 tàbí fibrillin-2, oríṣi fibrillin méjì, lẹ máa lò.

—

Òótọ́ ni. Fún ọlẹ̀ tó ti dàgbà tó, bí aró náà ṣe ń lọ nìyí. Ẹ rẹ ọlẹ̀ sínú paraformaldehyde 4%, tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, mọ́jú nínú fíríìjì, ẹ rì í sínú ìda paraffin, kí ẹ gé e ní 5 µm. Ọjọ́ tí ẹ máa lo aró ni kí ẹ pò ó: hematoxylin 5% tí a fi ọtí pò, 20 ml, ferric chloride 10%, 8 ml, omi iodine Lugol, 8 ml. Ẹ fi sílàìdì sínú rẹ̀ fún wákàtí kan, títí yóò fi dúdú kirikiri, kí ẹ wá fi omi ṣàn án.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí a bá ń fi ferric chloride 2% ṣí aró kúrò. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni ìwé máa ń wí, àmọ́ fọ́nrán ọlẹ̀ tín-ín-rín gan-an, aró rẹ̀ sì ń yára ṣí ju ti àgbà èkúté lọ. Ẹ rì í bọ̀ ọ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí ẹ tún padà. Ẹ dúró nígbà tó bá ṣì dúdú díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, torí pé van Gieson, aró kejì tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà, máa ń ṣí lára aró ọ̀hún. Tó bá ti ṣí jù, ẹ dá a padà sínú aró, kó ṣáà má tíì kan van Gieson. Sodium thiosulfate 5% fún ìṣẹ́jú kan ló ń kó iodine kúrò. Omi ìṣẹ́jú márùn-ún. Van Gieson ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ má ṣe é láìfi sílàìdì iṣan àlọ ńlá ti àgbà èkúté sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá aró ló kùnà.

—

Kí n fi ti jíìnì kún un. Èkúté tí kò ní elastin rárá ń di bíbí, àmọ́ kì í pẹ́ kú, ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe pé iṣan rẹ̀ bẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tó wà lára ògiri rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i láìdúró títí wọ́n fi dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dá mi lójú pé elastin ju ohun tó ń nà lásán lọ. Ó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí kò ní fibrillin-1 ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iṣan àlọ ńlá rẹ̀ ló ń bẹ́. Èyí tí kò ní fibrillin-2 ń yè, ọmọ ìka rẹ̀ ló ń lẹ̀ pọ̀. Àmọ́ tí méjèèjì bá pòórá pọ̀, inú oyún ni ọlẹ̀ ń kú sí. Ọ̀kan ń di àlàfo èkejì, nítorí náà ẹni tó bá yọ fibrillin-2 nìkan lè rò pé kò níṣẹ́ púpọ̀ nínú ọlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ oúnjẹ ìyá èkúté náà. LOX, ẹ́ńsáìmù tó ń so elastin pọ̀, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí bàbà.

—

Nípa antibody fibrillin-2: lẹ́yìn ìbí, ó ń sá pa mọ́ sínú okùn, antibody kì í rí i mú. Ẹ kọ́kọ́ fi collagenase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé collagen, jẹ ẹran ara náà díẹ̀, yóò yọjú.