Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó tí mo san lẹ́ẹ̀mejì níbi tí mo ti jẹun

Ẹ̀yin èèyàn mi, owó ti padà o! Ẹ rántí pé mo kọ ọ́ síbí, mo sì ní kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn, pé mo ra ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan ní Bódìjà. POS ní owó ò lọ, mo san káàṣì, àṣé báǹkì ti yọ ₦6,500. Adìẹ ọ̀hún tún tutù bí omi àmù.

Ẹni tó ní kí n mú bébà POS nínú yín lọ sí báǹkì ló gbà mí. Nọ́ńbà RRN ara rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìsanwó kan mọ̀, ni wọ́n fi tọpa owó náà. Láti 2020 ni CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti pàṣẹ pé kí irú owó bẹ́ẹ̀ padà láàárín wákàtí 72. Ọjọ́ kẹta ló wọlé. Ẹ tètè ya fọ́tò bébà yẹn o, tèmi ti fẹ́ẹ̀ parẹ́ tán kí n tó dé báǹkì.

Mo lọ bá máníjà ilé oúnjẹ náà bí ẹ ṣe wí. Ó tọrọ àforíjì, ó fún mi ní adìẹ mìíràn tí èéfín ṣì ń yọ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ owó ò kan òun.

Lẹ́tà tí mo kọ sí olú iléeṣẹ́ wọn nìkan ló kù, wọn ò tíì fèsì. Ẹ ṣeun gan-an.