Ìtọ̀ ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì: kí ló dé tí MCS ń mú kòkòrò oríṣiríṣi jáde?

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé wa n'Íkòròdú, bí ara ọmọ tó ti lò tó ọjọ́ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì bá tún gbóná, MCS ìtọ̀ (àyẹ̀wò láàbù tó ń wá kòkòrò àti oògùn tó lè pa á) wà lára ohun tí dókítà máa ń kọ. Àpò tí à ń lẹ̀ mọ́ ìdí la fi ń gbe ìtọ̀ àwọn tí kò tíì pé ọdún méjì. Èsì á dé pẹ̀lú kòkòrò oríṣi méjì, mẹ́ta. Ṣé àrùn ni lóòótọ́, àbí bí a ṣe ń gbà á ni kò dáa? Àwọn tó wà lórí kátétà, rọ́bà tí à ń tì bọ inú ilé ìtọ̀, ńkọ́?

Láàbù Ìjẹ̀dẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Bí oríṣi mẹ́ta bá pàdé nínú ìtọ̀ ọmọ kan, awọ ara àti ìgbẹ́ ni wọ́n ti sábà ń wá. Èsì àpò ṣeé gbára lé nígbà tó bá mọ́ nìkan. Bó bá mú kòkòrò jáde, ẹ tún ìtọ̀ gbà kí ẹ tó kọ oògùn sí i.

Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ìdí ọmọ, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ. Kí ìyá fún un lọ́mú. Ẹ wá rẹ gọ́ọ̀sì sínú omi saline (omi oníyọ̀) tó tutù, kí ẹ máa fi pa abẹ́ ìdodo rẹ̀ yípo yípo fún bí ìṣẹ́jú 5. Ẹnì kejì á ti ṣí ìgò dúró: kí ti àkọ́kọ́ dà nù, kó gbe ti àárín, kí ìka má kan inú ìgò tàbí ìdérí. Bí àìsàn ọmọ kò bá gba ìdúró, kátétà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń tì bọ̀ tí a sì ń fà yọ lójú ẹsẹ̀ ló yá, 6 Fr (ìwọ̀n nínípọn rẹ̀) fún ọmọ ọwọ́.

Nínú ìtọ̀ tí a fi kátétà gbà, kòkòrò oríṣi kan ṣoṣo tó tó 50,000 nínú mílílítà kan la ń kà sí àrùn; nínú èyí tí ẹ fi ìgò gbe, 100,000.

Àkókò tún ńkọ́? E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, lè di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 bí ooru bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgò tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kó tó dé Gárééjì ti di nǹkan mìíràn. Láàárín wákàtí kan ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí kò bá ṣeé ṣe, fríìjì, 4°C, kó má kọjá wákàtí 24. Lójú ọ̀nà, kúlà oníyìnyín. Ẹ kọ aago, ọ̀nà tí ẹ fi gbà á, àti oògùn apakòkòrò tí ọmọ ti ń lò sínú fọ́ọ̀mù.

Mátírọ̀n:
Kátétà ni tèmi. Pípẹ́ tó ń pẹ́ lára ló ń fa àrùn jù. Láràárọ̀, ẹ bi dókítà: kí ló ṣì ń ṣe lára ọmọ yìí? Bí kò bá sí èsì, ẹ jẹ́ kó yọ.

Àpò kátétà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ilé ìtọ̀, kó má sì kan ilẹ̀. Ìyá tó gbọ́mọ sápá tó gbé àpò lé èjìká, ìtọ̀ àná ló ń dà padà sínú ọmọ yẹn. Ẹ fi hàn án lójú, ẹ má kàn kìlọ̀. Ẹ dà á nù kó tó kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ike tirẹ̀. Ẹ má tú ojú ìsopọ̀. MCS kì í ti inú àpò wá: ẹ fi spírítì nu ojú ibi tí à ń fà á lára rọ́bà, kó gbẹ, ẹ fi sírínjì tuntun fà á. Ẹ jọ̀ọ́, rọ́bà tí à ń gbà fún ọmọ lóúnjẹ kì í ṣe kátétà. Ó lè ta kókó nínú ilé ìtọ̀.

Dókítà Ọmọdé:
Ẹ ṣé, Mátírọ̀n. Bí kòkòrò bá wà nínú ìtọ̀ ọmọ tó wà lórí kátétà, tí kò níbà, tí nǹkan kan kò ṣe é, a kì í fún un lóògùn. Bí a bá fún un, àwọn kòkòrò alágídí bíi Klebsiella àti Pseudomonas ló máa ṣẹ́kù sílẹ̀. Ojú nitrite lára pépà àyẹ̀wò ìtọ̀ tí kò yí àwọ̀ kò ní kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ọmọ ọwọ́: ìtọ̀ ní láti pẹ́ nínú tó wákàtí 4 kó tó hàn, ọmọ ọwọ́ kì í sì í dá a dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí àìjẹunkánú ti sọ di eegun lè má gbóná rárá. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ gba ìtọ̀, ẹ gba ẹ̀jẹ̀, kí oògùn wọlé láìdúró de èsì.

Kí ẹ sì là á yé ìyá pé kì í ṣe àtọ̀sí. Ohun tó máa kọ́kọ́ rò nìyẹn, ìtìjú á sì mú un pa ẹnu mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé a lè fún un jáde lára pampers?

Láàbù Ìjẹ̀dẹ̀:
Rárá o, kì í ṣe fún MCS. Ó ti kan ìdí, ó ti kan ọwọ́.