Sítẹ́rìn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ há, kò yọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mercedes 911 tí bàbá mi fi ń kó pákó láti Oǹdó wá sí Ìbàdàn ni mo ń tún ṣe lọ́wọ́. Ara sítẹ́rìn rẹ̀ ti là káàkiri, ó ń gé awakọ̀ lọ́wọ́, mo sì ti ra òmíràn tí ó bá a mu. Mo ti tú nọ́ọ̀tì àárín kúrò, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ mẹ́ta tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi ti ń fà á, tí kò tilẹ̀ mì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi òòlù ńlá gbá orí ọ̀pá rẹ̀, wẹ́dà àdúgbò wa sì ní òun yóò fi iná yọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà ba ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Mẹkáníìkì àgbà, Ìbàdàn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó gbé òòlù. Kọ́kọ́ dá nọ́ọ̀tì yẹn padà, má fún un, jẹ́ kí orí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú orí ọ̀pá. Bí sítẹ́rìn bá já lójijì, nọ́ọ̀tì náà ni yóò dá a dúró tí kò fi ní gbá ọ lẹ́nu.

Ihò àárín sítẹ́rìn ní eyín wẹ́wẹ́ tí ó wọnú eyín ara ọ̀pá, ọ̀pọ̀ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sì máa ń tín-ín-rín lọ sókè, débi pé bí a bá ṣe fún nọ́ọ̀tì tó ni ó ń há tó. Nígbà tí ìpẹtà bá wá kún àárín wọn, ọwọ́ ènìyàn kò lè yọ ọ́ mọ́. Bí o bá fi òòlù gbá a, inú àpótí gíà sítẹ́rìn nísàlẹ̀ ni ìgbá náà ń lọ, bíárìnì ibẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Orí ọ̀pá yóò tẹ́, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ yóò bàjẹ́. Wá púlà, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń fa ohun tí ó há yọ. Da epo tí ń wọ inú ìpẹtà sí ìdí rẹ̀ lálẹ́ yìí, kí o tún da sí i láàárọ̀.

Obìnrin tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, Agodi Gate: Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá. Ẹ wò ó bóyá ihò kéékèèké méjì tí ó ní tírẹ́ẹ̀dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, nítorí inú irú wọn ni bóòtì púlà máa ń wọ̀. Bí kò bá sí, ẹ lo púlà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbá ìdí àárín mú láti abẹ́, kì í ṣe apá sítẹ́rìn. Bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ nù, irin tí ó bá ṣẹ́ lábẹ́ púlà lè ṣe ènìyàn léṣe gidigidi.

Rìwáyà (oníṣẹ́ wáyà ọkọ̀), Abẹ́òkúta: Ẹ tú orí bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí wáyà fèrè gba àárín yẹn. Ẹ má gbà fún wẹ́dà. Iná yóò jó rọ́bà àti wáyà, gírísì inú rẹ̀ yóò sì yọ́ dànù. Bí ó bá kọ̀ pátápátá, ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná wé ìdí àárín náà fún ìgbà díẹ̀. Ara rẹ̀ yóò tóbi díẹ̀, yóò sì dẹ̀.

Oníbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti rí púlà yá. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí a máa fi òòlù kan orí bóòtì rẹ̀. Ṣé ìyẹn kò jọ òòlù tí ẹ ní kí a má lò?

Mẹkáníìkì àgbà, Ìbàdàn: Ìbéèrè rere ni. Bí púlà ṣe ń ti ọ̀pá ni ó ń fa sítẹ́rìn, nítorí náà àárín àwọn méjèèjì ni agbára náà wà, kò dé àpótí gíà. Fún bóòtì púlà títí yóò fi le, dá ọwọ́ dúró, kí o wá fi òòlù kékeré kàn án pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí kò bá yọ, má fi kún agbára. Da epo sí i, kí o sì padà wá lọ́la. Kí o tó fún un rárá, kọ táyà iwájú síwájú gbọọrọ, kí o sì fi irin fa ìlà láti orí ọ̀pá dé ara sítẹ́rìn.

Oníbéèrè: Ẹ kú àdúrótì o! Ó yọ láàárọ̀ yìí, ní ọjọ́ kejì. Ó dún gbàà, nọ́ọ̀tì sì dá a dúró gan-an bí ẹ ṣe sọ. Tírẹ́ẹ̀dì ọ̀pá kò ní àléébù kankan. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi pe màmá mi lórí fóònù. Kí ni kí n ṣe kí n tó fi tuntun sí i?

Mẹkáníìkì àgbà, Ìbàdàn: Ọlọ́run ṣeun. Fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ eyín ọ̀pá, fi gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, kí o sì fi ìlà orí ọ̀pá tọ́ sítẹ́rìn tuntun sọ́nà, pẹ̀lú táyà iwájú ní gbọọrọ. Ra wáṣà tuntun, fún nọ́ọ̀tì dáadáa, kí o sì yí sítẹ́rìn dé òpin apá ọ̀tún àti apá òsì níbi tí ọkọ̀ dúró sí, kí o tó gbé e jáde sí títì.