Ṣé kí n máa wa mọ́tò asáré mi nígbà òtútù, àbí kí n gbé e pamọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Mọ́tò asáré onílẹ̀kùn méjì ni mo ní, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Táyà ìgbà ooru máa ń le gbagidi bí ojú ọjọ́ bá ti tutù tó nǹkan bí 7°C, kì í di títì mú dáadáa mọ́, nítorí náà màá ra ti ìgbà òtútù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o. Ìyẹn ti yanjú.

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, torí ó máa ń mú kí irin dógùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ láìpẹ́ yìí, àwọn nọ́ọ̀tù kan nítòsí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń dógùn-ún. Ṣé kí n máa fi omi fọ abẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àbí kí n kun ún ní òróró tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà? Bí mo bá sì gbé e pamọ́, ṣé kí n fi bátìrì sórí ṣájà, kí n rọ epo kún táǹkì? Ẹ̀yin tí ẹ ti wa irú rẹ̀ nínú yìnyín, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?