Igbà ń yọ̀ lára ọ̀pẹ: irú okùn wo, kókó wo?

Ọmọ Àgọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀pẹ ìdílé wa kan wà lẹ́bàá Àgọ́-Ìwòyè, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 40, ẹyìn sì ti pọ́n lórí rẹ̀. Okùn ọ̀rá ni mo fi ṣe igbà tí mo fi ń gùn ún, mo ta á ní ojóbó. Bí mo bá ti fẹ̀yìn tì í, ó ń yọ̀ wálẹ̀. Bí mo bá jù ú sókè, apá òdìkejì kì í gbéra.

Akọ̀pẹ Ìjẹ̀bú-Igbó: Àbúrò, sọ̀ kalẹ̀ ná. Okùn ọ̀rá kì í ṣe igbà: ó rọ̀, ó ń nà, ara rẹ̀ sì ń dán. Wá igbà tí wọ́n fi fọ́nrán ọ̀pẹ lọ́, tó le débi pé bí o bá di orí rẹ̀ méjèèjì mú, yóò tẹ̀ bí ọrun, kò ní wó. Líle yẹn ló ń gbé apá òdìkejì nígbà tí o bá jù ú.

Ojóbó yẹn gan-an léwu. Ó ń sún, yóò fún ọ mọ́ igi. Ojú okùn (ihò) tí kì í sún ni kí o ṣe sí orí igbà kan. Ki orí kejì bọ inú ojú náà, dá a padà, we é mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o ki ṣóńṣó rẹ̀ sábẹ́ ibi tí o we, kí o fà á le. Jẹ́ kí ìrù tó kù tó íǹṣì 6. Kókó náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí níbi tí ojú rẹ tó o, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀pẹ níbi tí kùkùté imọ̀ ọ̀pẹ yóò ti máa họ ọ́.

Nípa gígùn: wọ inú igbà, gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀pẹ, fẹ̀yìn tì. Kí ìgbúnwọ́ ṣì tẹ̀ díẹ̀ tí ọwọ́ bá kan igi; lókè, níbi tí kùkùté imọ̀ kò tíì ré, ọ̀pẹ máa ń tóbi sí i, àyè yẹn ni wàá lò. Apá tó wà lẹ́yìn igi gbọ́dọ̀ ga ju ìbàdí rẹ lọ díẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ ìbàdí, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Sún mọ́ igi kí igbà dẹ̀, jù ú sókè, fẹ̀yìn tì, ìgbà náà ni kí ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Igbà àti ẹsẹ̀ kì í gbéra pọ̀. Ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ni kí o ti kọ́ ọ títí yóò fi mọ́ ọ lára.

Ọmọ Rẹ́mọ: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Àdá ló kù. Igbà kan ṣoṣo ló gbé ọ dúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni àdá ti ń ṣiṣẹ́. Kí o tó gé ohunkóhun, fi okùn kejì tó nípọn tó mìlímítà 11 yí ọ̀pẹ ká lókè igbà, lábẹ́ imọ̀ tútù, kí o so ó mọ́ bẹ́líìtì irú èyí tí àwọn tó ń gun òpó iná ń lò. Má gbé e lé kùkùté gbígbẹ, inú rẹ̀ lè ti jẹrà.

Láti fa okùn kejì yìí kúrú, mú okùn mìlímítà 6, so ó ní òrùka, we òrùka náà mọ́ okùn ńlá lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa gba inú ara rẹ̀ kọjá, kí o fi kọ́ bẹ́líìtì lápá kejì. Bí ìwúwo bá wá sórí rẹ̀, á di okùn mú. Bí o bá dẹ̀ ẹ́, á sún. Ohun tí àwọn tó ń gun òpó ọkọ̀ ojú omi ń lò náà nìyẹn. Bí okùn méjèèjì bá nípọn bákan náà, kò ní dì dáadáa. Ta kókó ńlá sí ìparí okùn ńlá, kó má baà yọ jáde.

Ọmọ Àgọ́: Ẹ ṣé gan-an ni. Bí ìdì ẹyìn bá wà lódìkejì ńkọ́?

Akọ̀pẹ Ìjẹ̀bú-Igbó: Má nawọ́ gán an. Sún ẹsẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fa igbà tẹ̀ lé e, títí wàá fi kojú sí i. Gé imọ̀ abẹ́ rẹ̀ kúrò ná, kí àdá sì máa lọ kúrò lára rẹ. Ìdì kan lè wúwo tó kílò 20, kí ẹnikẹ́ni má dúró lábẹ́. Láti ilẹ̀ ni kí o ti wo agbọ́n àti ejò. Òkèèrè la ti ń wo igi gogoro. Bí òjò bá rọ̀, jẹ́ kí ara ọ̀pẹ gbẹ.

Tí o bá ti ṣe tán, gbé igbà kọ́ sábẹ́ òrùlé, kí ikán má jẹ ẹ́. Kí o tó tún gùn, tẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé orí. Níbi tó bá ti dún pápápá tàbí tí eruku ti jáde, igbà yẹn ti kú, sun ún níná.