Ìdáhùn: «Orin ẹ̀yìn» kọ́, ègbè ni, ẹ sì ṣọ́ àmì orí rẹ̀

Níbi tí a ti jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun fún nǹkan fíìmù, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí a máa pe orin tó ń dún bí eré bá ṣe ń lọ nínú fíìmù ní «orin ẹ̀yìn». Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ò wọ̀ mí létí rárá. Ẹ̀yìn ta ni ó wà? Bí ẹ bá sọ fún ìyá aláta ní Bódìjà pé ẹ gbọ́ orin ẹ̀yìn fíìmù kan, èyí tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni yóò rò, nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bá ń kọjá.

Ẹ wo fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá (kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere) kọ. Ìlù ni májẹ̀mú ìlú Jogbo. Ọba tí kò ṣe orò tó dé adé, bí wọ́n bá lu ìlù yẹn, ó kú nìyẹn. Ohun tó ń pa ọba lẹ ní ó wà lẹ́yìn? Ọmọ onílù ni mí níhà ìyá, mo mọ ohun tí ṣaworo ń ṣe létí. Ìyáàlù ò tíì sọ gbólóhùn kan, ṣaworo tó yí ojú rẹ̀ ká ti dún woroworo, àyà wa ti já. Kò sí òṣèré tó lanu.

Ti òyìnbó tí ẹ fi ń gbe ara yín lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Nínú fíìmù Psycho (1960), Hitchcock tó darí rẹ̀ ò fẹ́ orin kankan níbi tí wọ́n ti gún obìnrin kan pa nínú ilé ìwẹ̀. Bernard Herrmann tó ṣe orin fíìmù náà kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, ohun èlò olókùn nìkan, ìbátan gòjé, tí ń han gooro. Hitchcock gbọ́ ọ, ó yí ohùn padà. Ẹ pa ohùn rẹ̀ kí ẹ tún un wò: ọ̀bẹ kàn ń lọ, ọ̀bẹ ń bọ̀ ni.

Àbúrò kan dá «ègbè eré» lábàá, èmi fara mọ́ ọn. Lílé a sọ tirẹ̀, ègbè a sì jẹ́ ká mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ṣùgbọ́n ta ló kọ «ègbé eré» sínú fáìlì tí a ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tuntun wa sí? Ègbé! Ẹ ti gégùn-ún fún fíìmù. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló fà á. Kọ̀ǹpútà wo? Pẹ́ńsù ni olùkọ́ wa fi ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láyé ọjọ́sí, a kì í sì í bá a ṣìnà.

Ẹni tó sì ní kí a pe Psycho ní eré àgbéléwò, sinimá ni wọ́n ti wò ó, wọn ò gbélé. Mo mọ̀ pé ẹ óò bá mi jà lórí ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ tún fáìlì náà ṣe ná.